Ìlera Nínú Ilé: Ògiri Ìfun àti Sòbìà



Àwọn àgbà Igbó-Ọrà àti Èrúwà kò jẹ́ gbàgbé sòbìà. Nínú omi adágún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mu nígbà náà ni kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ó gbé ọmọ sòbìà sínú wà. Báwo ni ó ṣe ń jáde kúrò nínú ìfun?

Ìpele mẹ́rin ni ògiri ìfun ní. Ti inú pátápátá kún fún sẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi: àwọn kan ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn ń sun omi yíyọ̀ tí ń dáàbò bo ògiri náà. Ní ìpele kejì ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wà. Ìkẹta ni iṣan tí ń ti oúnjẹ síwájú. Ìkẹrin ni awọ fẹ́lẹ́ tí ó bo gbogbo rẹ̀. Omi kíkan inú ikùn a pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kì í pa ọmọ sòbìà. Òun a lu ògiri já, a sì fara pamọ́ fún bí ọdún kan kí ó tó yọ ní ẹsẹ̀.

Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Kò sí oògùn mímu tí ó wò ó. Omi mímọ́ àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni ó ràn wá lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti máa sẹ́ omi, kí wọ́n sì máa sè é. Ògiri tí Ẹlẹ́dàá fi ọgbọ́n mọ, kí àìbìkítà wa má ṣe dá a lu.