Ẹ̀yìn Bàálù Kì í Ṣe Ibi Ìsádi

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò: pé ẹni tó bá fẹ́ dé ilé láyọ̀, kó jókòó sí ẹ̀yìn bàálù. Bí ọdún Kérésì bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Port Harcourt, Warri, Ẹnúgu tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ̀ràn yìí kì í wọ́n. Ẹni tí kò wọ bàálù rí pàápàá á máa fi kọ́ ẹlòmíì. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà. Ìjókòó ẹ̀yìn kò ní ààbò kankan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ara kì í sì í rọni níbẹ̀ bíi ti ibòmíì. Iye ìlà ìjókòó tó wà láàárín èrò àti ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí a máa wò.

Orí títì ni èrò yìí ti wá. Ní Boundary, níbi tí dánfó ti ń kó èrò lọ sí Mile 2 àti Wọ́ọ̀fù, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í fẹ́ jókòó ti dẹ́rẹ́bà. Bí ọkọ̀ bá forí sọ tírélà, àwọn ará iwájú ló ń kọ́kọ́ fara gbá a. Tó bá sì jẹ́ LiteAce, abẹ́ ìjókòó iwájú gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà, ooru rẹ̀ á máa yan èrò nídìí títí wọn yóò fi sọ̀. Ọgbọ́n dánfó nìyẹn, ó sì ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò kárí títì pàápàá. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, 2023, kọ̀ńténà já bọ́ lu bọ́ọ̀sì kan ní Ojúẹlẹ́gba. Èèyàn 9 kú, ẹnì kan ṣoṣo ló yè. Iwájú àti ẹ̀yìn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bàálù wá yàtọ̀ pátápátá, torí kì í ṣe iwájú nìkan ni ewu ti ń wá bá a. Ó lè fi ìdí gbálẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ lè kọ́kọ́ kan ilẹ̀, iná sì lè sọ lára rẹ̀ kó tó gbéra rárá.

Ìbẹ̀rù tó wà nídìí ìgbàgbọ́ náà kì í ṣe ìbẹ̀rù ọ̀lẹ. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, 2005, bàálù Sosoliso já ní Port Harcourt nígbà tó ń bọ̀ láti Àbújá. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀, 108 kú. Nǹkan bí 60 nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College tó ń lọ lo ìsinmi Kérésì lọ́dọ̀ òbí wọn. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, 2012, bàálù Dana já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgá níhìn-ín ní Èkó. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, ẹni ìlà kìíní àti ẹni ìlà ìkẹyìn. Ẹni tó rántí ọjọ́ méjèèjì á wá ibi tó lè fara pamọ́ sí, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ibi tó ń wá a sí ni kò dára.

Àwọn agbátẹrù ẹ̀yìn bàálù náà ní ẹ̀rí lọ́wọ́, irọ́ sì kọ́. Ní 2007, ìwé ìròyìn Popular Mechanics ní Amẹ́ríkà yẹ jàǹbá 20 wò. Wọ́n rí i pé nínú èrò 100 tó jókòó sẹ́yìn, 69 ló yè. Ti iwájú jẹ́ 49. Ní 2015, ìwé ìròyìn TIME tún ka jàǹbá 17. Ìdá 32 nínú 100 ló kú ní ẹ̀yìn, 39 ní àárín, 38 ní iwájú. Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí bàálù Japan Airlines tó já ní oṣù Kẹjọ, 1985: èèyàn 520 kú, ẹ̀yìn sì ni àwọn mẹ́rin tó yè jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Jeju Air ní Kòríà ní oṣù Kejìlá, 2024, níbi tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó wà ní ìdí bàálù nìkan ló yè nínú èèyàn 181.

Ẹ jẹ́ kí á wo òǹkà yìí fínnífínní. Jàǹbá 17 láàárín ọdún 35 kò tó ohun tí èèyàn lè fi ṣòfin, ìyàtọ̀ 32 sí 38 kò sì pọ̀ rárá. Irú jàǹbá kan náà ni wọ́n tún ṣà jọ, èyí tí àwọn kan kú nínú rẹ̀ tí àwọn kan yè. Wọ́n fo èyí tí gbogbo èèyàn ti kú bíi ti Ìjú-Ìṣàgá, wọ́n sì fo èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ èyí ló pọ̀ jù. Nígbà tí àjọ tó ń ṣèwádìí jàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà ṣírò gbogbo jàǹbá bàálù elérò wọn láti 1983 sí 2000, ó lé ní 95 nínú èèyàn 100 tó wà nínú wọn tó yè.

Ẹ̀yìn gan-an sì ti pa èèyàn rí. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, 1985, bàálù British Airtours ń kó àwọn tó ń lọ fún ìsinmi láti Manchester lọ sí Corfu ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ẹ́ńjìnnì kan bú gbàmù lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ iná náà lu ara bàálù lápá ẹ̀yìn. Èèyàn 55 kú, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, títí kan àwọn òṣìṣẹ́bìnrin méjì tó wà níbẹ̀. Èéfín ló pa èyí tó pọ̀ jù. Ní San Francisco ní oṣù Keje, 2013, ìdí bàálù Asiana ló kan ògiri etí omi; mẹ́ta péré ló kú nínú èèyàn 307, ẹ̀yìn sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí. Ti Air India ní oṣù Kẹfà, 2025 wá yí gbogbo rẹ̀ po. Ẹnì kan ṣoṣo tó yè nínú bàálù náà jókòó sí 11A, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń wá 11A kiri bí ẹni ń wá oògùn, bí ẹni pé 11A ibi kan náà ni nínú gbogbo bàálù.

Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ed Galea ti Yunifásítì Greenwich ṣe lórí jàǹbá 105, tí ó jáde ní 2008, ẹnu ọ̀nà ló gba ipò àkọ́kọ́. Ẹni tó wà láàárín ìlà márùn-ún sí ẹnu ọ̀nà tó ṣeé gbà ló láǹfààní láti jáde jù. Bí ó bá ti jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Níbi tí iná bá ti wọ bàálù, 65 nínú 100 ló yè níwájú, 53 ní ẹ̀yìn. Òdìkejì ohun tí aráyé ń sọ gan-an nìyí.

Nítorí náà, bí èrò bá ti jókòó tán, kí ó fi ọwọ́ kan orí àwọn ìjókòó tó wà níwájú rẹ̀, kí ó kà wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, kí ó sì ka ti ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí èéfín bá ṣú bolẹ̀, ojú kò ní ríran mọ́, àfi ọwọ́. Kí ó de bẹ́líìtì mọ́ra, kódà nígbà tí iná rẹ̀ bá ti kú. Nínú bàálù Singapore Airlines tí afẹ́fẹ́ jù sókè jù sísàlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, 2024, àwọn tí kò de bẹ́líìtì ló fò sókè lọ forí sọ àjà. Ẹrù ńkọ́? Kó fi sílẹ̀. Ní pápákọ̀ òfuurufú Haneda ní Tokyo, ní ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, 2024, ẹnu ọ̀nà 3 péré nínú 8 ni àwọn èrò Japan Airlines rí gbà, iná sì ń jó lọ. Gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú bàálù náà ló jáde láàyè, torí ọ̀pọ̀ wọn kò yà lọ gbé báàgì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtura, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀yìn ti pàdánù jù. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol láti èbúté Àpápá lọ sí Liverpool láti 1951 títí wọ àwọn ọdún 1970 mọ̀ pé àárín ọkọ̀ ni kì í mì púpọ̀. Orí àti ìdí rẹ̀ ló ń gòkè tó ń sọ̀. Bàálù náà kò yàtọ̀. Ẹni tí èébì máa ń gbé, kó béèrè ìjókòó tó wà ní ọ̀gangan ìyẹ́. Lẹ́yìn, ìlà tó kángun sí ògiri kì í sábà ṣeé dà sẹ́yìn, ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á máa lù gbàgà nígbà gbogbo, àwọn tó tò sí ẹnu rẹ̀ á sì máa fara ti èèyàn léjìká. Ẹni ẹ̀yìn ló tún máa ń sọ̀ kẹ́yìn tí wọn kò bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ẹgbẹ́ fèrèsé dùn fún ọmọdé, àmọ́ ní àsìkò ọyẹ́, kùrukùru ni yóò máa wò títí bàálù yóò fi ga. Ẹgbẹ́ ọ̀nà ló yẹ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú àti ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, pàápàá lórí ìrìn wákàtí mẹ́fà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìlà ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì ní àyè ẹsẹ̀ tó gbòòrò, ṣùgbọ́n wọn kì í fi aláboyún, ọmọdé tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò le síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn. Ìdílé tó ń kó ọmọ lọ́wọ́ lọ, kí wọ́n tètè yan ìjókòó kí àwọn ọmọ má bàa bọ́ sí ìlà ọ̀tọ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìlà mẹ́wàá sí tirẹ̀ yóò kọ́kọ́ sá lọ sẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù bá ń rọ́ lọ síwájú.