Ta ló sọ pé ọmọdé ò ní ẹ̀yìn?

1. Ẹ gbọ́ ná. Tí ọmọ ọdún 13 bá sọ nílé yín pé "ẹ̀yìn ń dùn mí", kí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín? Ẹ má purọ́ o. "Ìwọ wo? Ìwọ náà ní ẹ̀yìn? Kí làwa àgbà á wá sọ?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ á sì panu mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

2. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ fún àbúrò mi ọkùnrin. Ó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú bíi bàbá arúgbó, mo ní, "Ìwọ tí o ò tíì sanwó ilé rí, ẹ̀yìn wo ló ń dùn ẹ́?" Mọ́mì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá lọ. Kò sọ ọ́ mọ́. Àwa rò pé ó ti lọ nìyẹn.

3. Nígbà tó di Sátidé, mo gbé fóònù dúró sí pálọ̀, mo ń ya fídíò ara mi bí mo ṣe ń di irun mi. Ó tó wákàtí méjì. Alẹ́ ni mo jókòó láti mú un yára kó lè di ìṣẹ́jú kan. Ẹ wò ó: Mọ́mì ń kọjá fìrì fìrì, ọwọ́ mi ń fò lórí irun, òòrùn ń rìn lára ògiri. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kúrò lójú kan.

4. Àbúrò mi ni. Ó wà lẹ́yìn mi lórí àga tìmùtìmù, fóònù lórí ikùn, àgbọ̀n lórí àyà, ẹ̀yìn ká bí ìwọ̀ ìpẹja. Gbogbo ayé ń sáré nínú fídíò yẹn, àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló ń mira lára tiẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Tí wọ́n bá ní kémi jókòó báyẹn fún wákàtí méjì, ẹ máa bá mi wá ẹni tó máa fà mí dìde ni.

5. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò márùn-ún. Tí ọrùn bá dúró gangan, egungun ló ń gbé e, iṣan ò ṣe wàhálà púpọ̀. Ẹ wo ìyá tó ru àtẹ ata lọ sọ́jà. Ṣé ó máa ń tẹrí síwájú? Rárá o! Ọrùn rẹ̀ á nà ṣánṣán. Tó bá tẹ̀ ẹ́ síwájú pẹ́nrẹ́n, àtẹ á dà nù. Orí tiwa ò lè já bọ́, torí náà iṣan ọrùn àti tẹ̀yìn ló máa dì í mú, wọn ò sì ní sinmi títí a ó fi gbórí sókè.

6. Lọ́dún 2014, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kan ní New York, Kenneth Hansraj, fi kọ̀ǹpútà ṣírò ẹrù yìí. Ó ní tí orí àgbàlagbà bá tẹ̀ síwájú dé díígírì 60, ohun tí ọrùn ń rù á tó kílò 27. Ìyẹn ju àbọ̀ àpò ìrẹsì lọ! Ṣùgbọ́n ẹ rántí, ìṣirò ni. Kò gbé òṣùwọ̀n sọ́rùn ọmọ kankan. Ó jẹ́ ká mọ bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i, kò sọ pé fóònù ti ba ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni jẹ́.

7. Ibí ni mo ti fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń pariwo "fóònù ló ń pa wọ́n". Àwọn olùwádìí rí i léraléra pé jíjókòó pẹ́ níwájú fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀yìn dídùn sábà máa ń rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n pé àwọn méjì ń rìn pọ̀ ò ní kí ọ̀kan jẹ́ bàbá èkejì. Ọmọ tí ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀ náà lè máa jókòó, kó má fẹ́ sáré mọ́.

8. Ẹ tiẹ̀ wo ọjọ́ ọmọ Èkó kan ná. Ó jí láàárọ̀ kùtù, ó jókòó nínú ọkọ̀. Ó dé iléèwé, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí kò bá gíga rẹ̀ mu. Wọ́n jáde, lẹ́sìn tún bẹ̀rẹ̀, ó tún jókòó. Ó gbé báàgì ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o wálé. Kò síná. Ó fẹ́ jáde lọ ṣeré, a ní, "Máà jáde o, ọ̀kadà á gbá ẹ!" Kí ló kù fún un? Fóònù náà ló kù.

9. Àwa náà la ṣì ń kó o fún wọn. Ọmọ ọdún méjì ń sunkún, a gbé fídíò sí i lójú kó lè dákẹ́. Ọmọ ọdún 16 fẹ́ ṣe JAMB, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo UTME sì wà láti 2015, orí fóònù ló ti ń fi ìbéèrè dánra wò. Ọjọ́ tó bá wá ní ẹ̀yìn ń dun òun, a yí ojú dà: "Ṣebí fóònù ni! Ó tọ́ sí ẹ!"

10. Ṣé ẹ rí i? Tẹ́lẹ̀, "ọmọdé ò ní ẹ̀yìn" là ń sọ. Báyìí, ó ti di "fóònù ni". Ìdérí tuntun lórí ìkòkò àtijọ́. Ìkíní ní ìrora ò sí. Èkejì ní ìrora wà, àmọ́ ẹ̀bi ẹ ni. Àwọn méjèèjì ń sọ ohun kan náà fọ́mọ: panu mọ́.

11. Ibẹ̀ léwu wà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn dídùn ni ti ìjókòó. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ̀yìn lè máa dùn ún torí àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ti gbé e dìde. Ikọ́ ife náà máa ń wọnú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì lè má hú ikọ́ rárá. Tí a bá ti ní "fóònù ni", tí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tá a wá lọ sùn, àìsàn yẹn ò ní sùn ní tiẹ̀.

12. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn tí ẹ̀yìn bá ń jí i lóru, tí ibà bá wà níbẹ̀, tó bá ń rù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára, tó bá ṣubú kó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún. Tí kò bá lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ má fi àbọ́níkì pa á mọ́ra.

13. Wákàtí mélòó ló wá yẹ? Lọ́dún 2019, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ohunkóhun rárá, kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì jókòó wò ó ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Lọ́dún 2020, wọn ò fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 ní iye wákàtí. Wọ́n ní kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré tó ń mú ọkàn sáré fún 60 ìṣẹ́jú lóòjọ́, ó kéré tán. Nítorí náà, tí ẹ bá gba fóònù, ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn níbi tí wọ́n á ti ta bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á ti ṣe tẹ̀ń-tẹ̀ń àti súwè.

14. Mo ní láti dá ara mi lẹ́bi náà. Fídíò ni mo fi ń jẹun. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ibi tí èèyàn ti fi fídíò mi sílẹ̀, tí mò ń ronú ohun tí mo máa ṣe kí wọ́n má lè dìde. Àbúrò mi ò sì yàtọ̀ sí àwọn tí mò ń mú so yẹn. Ẹ ò lè bá ọmọ ọdún 13 jà pé kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu nígbà tí àgbàlagbà bíi tèmi ń gbowó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

15. Ohun tá a ń ṣe nílé báyìí ò le. Mo pè é, mo tọrọ àforíjì, mo bi í: Ibo gan-an ló ń dùn ẹ́? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó máa ń jí ẹ lóru? Kì í jí i. Ó ń wá lẹ́yìn lẹ́sìn àti gémù. A to ìwé jọ kí fóònù lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Tó bá ti pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Mọ́mì á rán an níṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé ìyá Yorùbá ò ní í ṣàìrí iṣẹ́ rán ọmọ!

16. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ti wọ́ lójú wa, lórí àga tìmùtìmù, àwa sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn àbúrò mi ò tíì fi í sílẹ̀ tán o. Ṣùgbọ́n lánàá, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní, "Àǹtí, ó tún dùn mí díẹ̀ lónìí." Mo gbé fóònù mi sílẹ̀, mo gbọ́ ọ.

Ó tán. Ọmọ wo ló ti sọ ọ́ fún yín rí tẹ́ ẹ fi rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́ òní.