Irà Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfo

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ pé ilẹ̀ tí a kò bá kọ́lé sí ní Èkó, òfo ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí ó jí ní kùtùkùtù ní àkókò ọyẹ́, kí ó lọ sí etí ọ̀sà tí ó gba ẹ̀yìn Festac Town kọjá lọ sí Àgbádárìgì, kí ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Yóò rí lékèélékèé funfun bí òwú, tí ń ṣa kòkòrò jẹ nínú koríko. Yóò rí ẹyẹ apẹja tí í já bọ́ sínú omi bí ọfà, àti àwòdì tí ń rà bàbà lójú ọ̀run. Yóò rí alápàńdẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn kan nínú wọn ti wá: nígbà tí òtútù bá dé, tí kòkòrò sì tán lọ́hùn-ún, wọn a la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ilẹ̀ wa. Ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, a ti rí èyí tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ tí wọ́n péjọ sùn.

Kí ni èrè ẹyẹ wíwò fún akẹ́kọ̀ọ́? Èkíní, ó ń la èdè wa yé ni. Àwọn àgbà ní, ẹyẹ tí ó bá fi ara wé igún, ẹ̀yìn àdìrò ni yóò sùn. Igún tí ó pọ̀ ní ibi ìpẹran tẹ́lẹ̀ rí ti di ohun àwátì ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ọmọ tí kò rí igún rí, báwo ni òwe yìí yóò ṣe yé e? Èkejì, ó ń kọ́ni ní sùúrù, nítorí aláriwo kì í rí ẹyẹ wò.

Àwọn kan yóò wí pé ilé ni ènìyàn ń wá, kì í ṣe ẹyẹ. Òótọ́ ni pé ibùgbé ṣọ̀wọ́n ní Èkó. Ṣùgbọ́n irà tí ń bọ́ ẹyẹ náà ni ó ń gba omi òjò sára. Bí a bá fi yanrìn dí gbogbo rẹ̀, inú ilé wa ni omi yóò wá. Ní Lẹ́kí, láti ọdún 1990, a ti ya hẹ́kítà 78 sọ́tọ̀ fún igbó, ẹranko àti ẹyẹ. Ó yẹ kí Amúwó-Ọ̀dọ̀fin náà ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú irà tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mile 2, ẹ mú ìwé lọ́wọ́ lọ sí etí omi. Ẹ kọ orúkọ ẹyẹ tí ẹ bá rí sílẹ̀, àti iye wọn, àti ọjọ́ tí ẹ rí wọn. Ní ọjọ́ tí àwọn oníyanrìn bá dé, àkọsílẹ̀ yín ni yóò jẹ́rìí pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òfo.