Ìbọn Kò Mọ Atẹ́gùn

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ààbò bá délẹ̀ ní Òṣogbo, "Ẹ fún Àmọ̀tẹ́kùn ní ìbọn gidi" ni ariwo tó ń gba ìgboro. Ta ló ń béèrè bóyá ẹni tí yóò yìn ín mọ atẹ́gùn wò?

Ọta tó ń lọ jìnnà ń pẹ́ lójú òfuurufú, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ sì ń tì í kúrò lójú ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, yíyẹ̀ rẹ̀ a máa ju ìlọ́po méjì lọ. Àgbẹ̀ tó dúró nítòsí ọ̀daràn ni yóò jìyà àìmọ̀kan náà.

Ọdẹ a máa bu eruku dà sílẹ̀ láti mọ ibi tí atẹ́gùn kọjú sí, kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Àwọn kan tó kàwé ń fi í ṣẹ̀sín. Bẹ́ẹ̀, ní Bisley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn dé 1,000 yáàdì, àsíá tí wọ́n rì mọ́ pápá ni àwọn ògbóǹtarìgì ń wò!

Ẹ̀tàn ìbọn tuntun kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Èyí tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi ránṣẹ́ láti Èkó dẹ́rù ba Ìbàdàn ní Kírìjì; síbẹ̀, àdéhùn ọdún 1886 ni wọ́n fi dá ogun dúró.

Kí ìjọba Ọ̀ṣun tó ra ìbọn mìíràn, kí ó pe àwọn àgbà ọdẹ Iléṣà sí pápá ìdánrawò. Ẹni tí kò bá lè fi eruku àti ewé mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀.