Ta Ló Ní Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kì Í Ṣe Lítíréṣọ̀?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ kan wà tí ó ti ń rìn káàkiri yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, òtítọ́ kò sì tíì bá a. Irọ́ náà ni pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe ojúlówó lítíréṣọ̀. Pé ìpápánu ni, kì í ṣe oúnjẹ. Pé ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni í kà á láti fi najú. Kì í ṣe àwọn ọ̀tá èdè Yorùbá ló ń pa irọ́ yìí. Àwọn tó fẹ́ràn èdè náà ni: àwọn olùkọ́ àti àwọn alárìíwísí tó ń ráhùn pé àwọn ọmọ kò ka ìwé Yorùbá mọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì tún ń béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi wọlé.

Kí ni wọ́n ń tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ní ọdún 1969 ni ìwé Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde. Ní ọdún 1971, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e. Ẹ̀dá ìtàn kan náà ló so ìwé méjèèjì pọ̀: Lápàdé, ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ́, ṣùgbọ́n tí kò lè rí ìwà ọ̀daràn kí ó mójú kúrò. Tàfá Ìgírípá ni alábàárìn rẹ̀, ẹni tí ìjọ kankan kò lè fi joyè, ṣùgbọ́n tí ó ṣe é bá rìn lọ́jọ́ ogun. Lẹ́yìn èyí ni Kọ́lá Akínlàdé gbé Owó Ẹ̀jẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Òun náà ló kọ Àgbákò Nílé Tẹ́tẹ́ àti Ajá Tó Ń Lépa Ẹkùn. Akin Olúṣínà àti Túndé Atọ̀pinpin ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Akínlàdé dá fún àwọn òǹkàwé Yorùbá. Orúkọ Túndé nìkan tó ẹ̀kọ́ kan fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàbọ̀, ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ dé ìdí.

Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì kò jọra. Lápàdé kì í jókòó sójú kan ronú. Ó ń rìn, ó ń jà, wọ́n ń lù ú, ó ń dìde, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó sún mọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwọn ti Akínlàdé ń béèrè ìbéèrè, wọ́n ń gbé ẹ̀rí ẹnìkan lé ti ẹlòmíràn, wọ́n ń wá ibi tí méjèèjì ti takora. Àwọn yẹn sún mọ́ Sherlock Holmes tí Arthur Conan Doyle dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, kò sí èyí tí í ṣe àdàkọ nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń kíra, bí wọ́n ṣe ń purọ́, bí wọ́n ṣe ń fi òwe yẹ ìbéèrè sílẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, àfi kí ó wo bí afurasí ṣe ń dáhùn níwájú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó ya olùkọ́ lẹ́nu rèé. Nínú ìdánwò, àwọn ọmọ ń bẹ̀rù àkàyé. Wọ́n ka àyọkà tán, wọn kò lè sọ ẹni tó ṣe kí ni, ìgbà wo, àti nítorí kí ni. Ìbéèrè wọ̀nyẹn gan-an ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bi òǹkàwé ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ta ló wà nílé nígbà náà? Ta ló ní òun kò sí níbẹ̀? Kí ló dé tí ó fi mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un? Ọmọ tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe àkàyé láìmọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi pàṣán lé e. Ó ń rántí ohun tó kà ní orí kejì nígbà tí ó dé orí kẹsàn-án, nítorí pé bí kò bá rántí, òǹkọ̀wé yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ìwé mìíràn wo ni ó ń kọ́ ọmọ ní irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìwé ìtàn ní ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ wọlé, ó kọ àkọlé sójú pátákó: ìsọníṣókí ìtàn, àwọn ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ dà á kọ. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé náà, gbogbo kíláàsì ti mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà, wọ́n ti mọ ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ tó bá kọ orúkọ ọ̀daràn sójú pátákó lọ́jọ́ kìíní ti pa ìwé náà, òun gan-an sì ni ó yẹ kí Lápàdé wá mú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé fóònù ló ba àwọn ọmọ jẹ́. Fóònù kọ́. Àwọn ọmọ yìí kan náà ń wo fíìmù alápá púpọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, nítorí pé apá kọ̀ọ̀kan ń parí síbi tí ọkàn wọn kò ti balẹ̀. Ìtàn ni ebi rẹ̀ ń pa wọ́n. Ìwé tó lè bọ́ wọn wà lórí àga ìwé, eruku ló bò ó.

Àwọn kan ní àwíjàre. Wọ́n ní ìtàn ọ̀daràn yóò kọ́ ọmọ ní ìwà ọ̀daràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ kó ìtàn Ìjàpá kúrò nílẹ̀, nítorí pé olè àti èké kún ọwọ́ Ìjàpá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí wọ́n sì mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, kúrò nínú kíláàsì, nítorí pé ìjà àti ikú kò wọ́n níbẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló tilẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ létí jù lọ pé ohun tí a ṣe ní kọ̀rọ̀ lè hàn ní gbangba. Nígbà tí Òkédìjí sì kọ Atótó Arére ní ọdún 1981, ó fi ìgbésí ayé Àlàbá hàn wá, ọmọ tí ilé tó dàrú tì sí ìgboro títí ó fi di ọ̀daràn. Ìbéèrè ìwé yẹn ju ta ló ṣe é lọ. Ó ń béèrè ta ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìpápánu, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ adùn.

Àwọn mìíràn ní irú ìtàn yìí kì í ṣe tiwa, òyìnbó ló kó o dé. Kí ni àlọ́ àpamọ̀? Apàlọ́ sọ àmì nǹkan, ó fi nǹkan náà pamọ́, ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ ní láti fi làákàyè wá a rí. Kí ni iṣẹ́ ọdẹ tó ń wo ipasẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, tó sì mọ ẹranko tó kọjá, ìgbà tó kọjá, àti bóyá ó fara gbọgbẹ́? Ọ̀nà kíkọ ọ́ sínú ìwé ló tuntun. Làákàyè tó wà nínú rẹ̀ ti wà nílé wa tipẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò kẹ́gàn irú ìwé yìí ti jèrè rẹ̀. Ní ọdún 1929, Erich Kästner ará Jámánì kọ Emil und die Detektive, ìtàn ọmọdé kan tí wọ́n jí owó rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí àwọn ọmọ ìgboro Berlin sì bá a ṣọ́ olè náà títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Ní Japan, wọ́n ní irú ìwé kan fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní raito noberu, ìyẹn ìwé ìtàn fífúyẹ́, tí kò tóbi ju ohun tó lè wọ àpò lọ. Irú àwọn òǹkàwé ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni Yonezawa Honobu kọ Hyōka fún ní ọdún 2001, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé tó ti pé mẹ́fà ní ọdún 2016. Inú ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò fẹ́ ṣe wàhálà lórí ohunkóhun wọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan kí ẹgbẹ́ náà má baà kú. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà wá ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn ní ọdún 33 sẹ́yìn. Wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Ìwé àtijọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà tẹ̀ jáde ni wọ́n fi wá òtítọ́ rí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Naoki, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tó níyì jù ní Japan, ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ló sì fi gbà á. Kò sí ẹni tó ní kí ó kọ́kọ́ ronú pìwà dà.

Èwo ni Japan ní tí Ṣómólú àti Bàrígà kò ní? Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ tí gbogbo Èkó mọ Ṣómólú mọ́. Láti òpópónà Bàjùláyé dé Ṣípéolú, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, páálí ọjà àti ìwé àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó ń gé pépà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán èèpo ìwé wà níbẹ̀, ẹni tó ń di ìwé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lè lọ, kí ó bọ̀, fún ọdún mẹ́fà, láìrí ìtàn Yorùbá kan tí yóò fi owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ rà. Ẹni tó wà lẹ́bàá odò tó ń fi itọ́ fọ ojú, ta ni yóò bá a káàánú?

Ibùdó ìtàn náà kò sì jìnnà. Ilé ẹ̀kọ́ girama CMS tó wà ní Bàrígà, ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀; òun ni ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, ọdún 1959 ni ó sì kó dé Bàrígà. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti gbé ayé tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìní àdììtú. Àwòrán àtijọ́ tí wọ́n ya orúkọ ẹnìkan kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, ife ẹ̀yẹ tí kò sí nínú àpótí mọ́, lẹ́tà tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́: èyíkéyìí nínú wọn tó fi dá ìtàn sílẹ̀. Ìtàn alápá púpọ̀ kò sì ṣàjèjì sí Èkó. Inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti kọ́kọ́ gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ ní ọdún 1929 sí 1930, tí àwọn òǹkàwé sì ń retí èyí tó kàn.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ni kí ó ṣe é. Ìjọba ti ṣe òfin. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e. Ẹni tó bá gbé ìrètí rẹ̀ lé àṣẹ, ibi tí àṣẹ bá yí sí ni ìrètí rẹ̀ yóò yí sí. Òfin lè mú ọmọ jókòó sí kíláàsì Yorùbá. Kò lè mú un ṣí ojú ewé kejì. Ìtàn ló lè ṣe ìyẹn.

Nítorí náà, ọwọ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí olùkọ́ ka orí kan sókè ní kíláàsì, kí ó sì dúró níbi tó gbóná. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tó fura sí, pẹ̀lú ẹ̀rí mẹ́ta láti inú ìwé, kí olùkọ́ sì máa gba máàkì fún ẹ̀rí, kì í ṣe fún àbá tó ṣẹ. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kọ àdììtú tirẹ̀. Pépà A4 mẹ́jọ tí wọ́n bá tẹ̀ lójú méjèèjì tí wọ́n sì ká sí méjì, ìwé kékeré olójú ewé 32 ni, èèpo nìkan ló kù. Apá kìíní ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, apá kejì láàrin sáà, ìdáhùn ní ìparí. Kò sí àyájọ́ èdè abínibí kan tó lè ṣe tó ohun tí apá kejì yẹn yóò ṣe fún ọmọ tó ń dúró dè é.

Àwọn tó bá sì ṣì ní kì í ṣe lítíréṣọ̀, kí wọ́n wá sọ ẹ̀rí wọn. Ọ̀nà tí Túndé Atọ̀pinpin kọ́ wa nìyẹn: ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ìwé, kí ó kọ́kọ́ kà á.