Orí Òkè Wo Lẹ Ń Lọ, Bàbá Ìbejì?

L'Ékòó, bí ọkùnrin bá sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé òun ń lọ sórí òkè, obìnrin náà kì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àdúrà lọkàn ẹ̀ máa lọ. Yóò bá a wá Bíbélì, yóò bá a wá òróró, yóò sì to orúkọ àwọn ọ̀tá sínú ìwé kí ọkọ má baà gbàgbé ẹnì kankan. Bó ṣe rí fún Ìyá Ìbejì kan ní Mùṣín nìyẹn. Baálé ẹ̀ ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta ń lọ sórí òkè láàárọ̀ Sátidé, ó di ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè káwọn tó dé, torí ọlidé ni Mọ́ńdè. Ẹja yìnyín lobìnrin yìí ń tà. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó lọ síbi tó ń tọ́jú owó ẹja sí, ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ó fi sínú àpòòwé pẹ̀lú ìwé àdúrà, ó ní kó fi ṣe ọrẹ tó bá dé ọ̀hún.

Ọkùnrin náà ò purọ́ o. Orí òkè ló wí, orí òkè náà ló ń lọ. Òkè Ìdànrè ni. Ohun tí kò ṣàlàyé ni pé emu wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àti pé bíà wà lójú ọ̀nà.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, orúkọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n sì fi ń pe ara wọn. Tíṣà ni àgbà wọn, jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Báńkà ló tẹ̀ lé e, òun ni Bàbá Ìbejì. Dírẹ́bà ló ni mọ́tò Sienna tí wọ́n gbé lọ. Télọ̀ ni àbúrò gbogbo wọn, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ jù. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, nílé ọtí kan náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè. Tíṣà ló mú ọ̀rọ̀ òkè wá. Ó wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ikùn yín ló ń kọ́kọ́ wọlé kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ jẹ́ ká lọ gun nǹkan kan." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n kúrò l'Ékòó. Wọ́n gba Ìbàdàn, wọ́n gba Ifẹ̀, wọ́n já sí Iléṣà lọ́sàn-án. Wọ́n kó ẹrù sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan, wọ́n tún wọ mọ́tò, ó di Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ibẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Ìpele méje ni wọ́n ní ó ní, kò sì sẹ́ni tó ń dé ìkeje láìlàágùn. Ìkejì làwọn yìí dé. Bàtà dúdú tó ń dán ni Télọ̀ wọ̀ wá, bàtà òde àríyá. Ló bá yọ̀, ló bá jókòó sínú omi tòun ti sòkòtò tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán. Títí dòní, wọn ò tíì jẹ́ kó sinmi lórí ẹ̀.

Òùngbẹ ló gbé wọn padà sí Iléṣà. Ìlú bíà ni Iléṣà, níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Trophy ní 1978, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Star tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti jáde l'Ékòó láti 1949. Tíṣà mu ìgò méjì, Télọ̀ mu mẹ́ta. Mọ́ọ̀tì ni Dírẹ́bà ní tiẹ̀ bèèrè, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò bínú. Ó ní, "Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ mọ́tò, paraga ló fi ń ṣínú láràárọ̀. Mo wà níbi tí wọ́n ti sin ín." Ọ̀rọ̀ náà pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́ díẹ̀.

Ìgò mẹ́fà ni Báńkà mu. Nígbà tí owó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpò wò, ó ní òun gbàgbé pọ́ọ̀sì sí òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń gbàgbé ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa ń ra ọtí yípo fún gbogbo tábìlì ni tẹ́lẹ̀ o! Àwọn yòókù ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀ pé ahun ti gùn ún, pé bóyá ó ti lọ fẹ́ ìyàwó kejì síbì kan. Télọ̀ tiẹ̀ ní òun mọ àdúgbò tí obìnrin náà wà. Irọ́ ló ń pa.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n gba Àkúrẹ́ kọjá sí Ìdànrè. Ẹni tí kò bá débẹ̀ rí yóò rò pé òkè kan ṣoṣo ni. Rárá o. Àpáta ló yí ìlú náà ká, òmíràn dá dúró gbàgede bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Orí ẹ̀ làwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀, ààfin ń bẹ lókè, kóòtù ń bẹ lókè, títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ìlú wà báyìí. Ní 2007 ni orúkọ òkè náà wọ ìwé àwọn ibi tó ń dúró kí UNESCO kà wọ́n mọ́ ogún gbogbo ayé.

Àtẹ̀gùn ló ń gbé èèyàn gòkè, ó lé ní 600. Iye tó fi lé ni wọn ò fẹnu kò sí. Àwọn kan ní 660 ni, ẹlòmíràn tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ kà á ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì mutí lálẹ́ àná yóò búra pé ẹgbẹ̀rún ni. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Ní àkọ́kọ́, Báńkà ń ṣẹ̀fẹ̀. Ní ìkejì, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìkẹta, òòyì ń kọ́ ọ, òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ẹ̀rù ba Tíṣà, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n fún un lómi, wọ́n fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀, ara ẹ̀ wálẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ, òun ó dúró dè wọ́n. Dírẹ́bà ní òun ò ní fi í sílẹ̀. Tíṣà àti Télọ̀ bá gòkè lọ.

Báńkà fa áńkáṣíìfù yọ kó fi nu ojú, ni àpòòwé bá já bọ́, ni ìwé àdúrà bá ṣí sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ láti bá a mú un. Kò fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n lẹ́tà gàdàgbà ni Ìyá Ìbejì fi kọ ọ́. Àdúrà àkọ́kọ́ ni pé kí Ọlọ́run fún ọkọ òun níṣẹ́ míì kí àwọn ọmọ tó wọlé ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò sí ní báńkì mọ́ ni?"

Báńkà la ẹnu láti parọ́, èémí ò tó o. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ò lè pa irọ́ tó máa gún.

"Oṣù kẹrin rèé," ó ní. "Wọ́n pín ìwé fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní ká fi káàdì sílẹ̀ lẹ́nu géètì."

"Áà! Ẹ ò sì sọ fún wa?"

"Níbo ni kí n ti sọ ọ́? Nílé ọtí? Ṣé o ò mọ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò bá ra tiẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ba Dírẹ́bà, nítorí òun náà rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì yẹn lálẹ́ àná. Ẹ wò ó, ọdún mọ́kànlá. Wọ́n mọ ẹni tó fẹ́ràn kí bíà ẹ̀ tutù láàárín ara wọn, wọ́n mọ ẹni tí kì í jẹ ṣàkì, wọ́n mọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí oníkálùkù ń tẹ̀ lé. Ẹni tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láti oṣù mẹ́rin jókòó sáàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ariwo ibẹ̀ ò jẹ́ ká bi èèyàn ní nǹkan gidi.

Dírẹ́bà fi ẹsẹ̀ walẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ṣe ìbínú o. Mọ́tò kejì tí mo ní wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń wà á ti gbé owó mi sá lọ. Ẹ mọ Island dáadáa, ẹ mọ àsìkò táwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, ẹ mọ ìgbà tí wọ́n ń jáde. Tẹ́ ẹ bá lè máa gbé wọn..."

Kò parí ẹ̀. Àbúrò ni, ìwé mẹ́fà ló kà. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ti so táì mọ́rùn fún ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn tó sì máa wọ mọ́tò náà lè jẹ́ àwọn tó máa ń kí i ní "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ sà". Báńkà ò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun ò gbà. Ó ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ dórí òkè ná." Àtẹ̀gùn mẹ́wàá, wọ́n á sinmi. Mẹ́wàá míì, wọ́n á tún sinmi. Bí wọ́n ṣe dé òkè nìyẹn.

Wọ́n bá Tíṣà tó ń ṣàlàyé ààfin Ọwá bí ẹni pé kíláàsì ló wà, Télọ̀ sì ti dé ibi ojú ẹsẹ̀ Àgbóògùn. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá ojú ẹsẹ̀ yẹn mu, àfi ti àjẹ́. Télọ̀ wo ọ̀tún wo òsì kó tó ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Báńkà náà ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní ó kéré tán, òun ò tíì di àjẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ń wo òrùlé ìlú nísàlẹ̀.

"Tíṣà, àwọn tó ń gbé ibí yìí, ṣé ojú ò tì wọ́n láti sọ̀ kalẹ̀?"

"Ojú wo?" Tíṣà ò mọ ohun tó ń bi òun. "Ibi tí ọ̀nà mọ́tò wà, tí ilẹ̀ kòkó wà, ibẹ̀ ni wọ́n lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìlú ò sì tú."

Báńkà ò tún bèèrè nǹkan mọ́.

Ìsàlẹ̀ ni emu wà, lábẹ́ àtíbàbà ìyá àgbà kan. Kèrègbè méjì ló gbé síwájú wọn, emu àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó ń mu emu l'Ékòó nìkan, omi àti ṣúgà ló ń mu, bó ti wù kí fóòmù ẹ̀ pọ̀ tó. Emu gidi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣúgà ọ̀pẹ ló wà nínú ẹ̀ nígbà tí adẹ́mu bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nídàájí, ó dùn, ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀. Kòkòrò tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú kèrègbè fúnra ẹ̀ ló ń sọ ṣúgà yẹn di ọtí, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan kan sí i. Tó bá fi máa dọ̀sán, ó ti ń pa èèyàn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Ìyá àgbà náà ní ti ògùrọ̀ rọra ń ṣe ju ti ọ̀pẹ lọ, kí wọ́n má fi emu ọ̀pẹ ṣeré. Télọ̀ fi ṣeré. Àsun ewúrẹ́ wà nílẹ̀, àsun Oǹdó tí ata ẹ̀ ń mú omi jáde lójú. Dírẹ́bà mu mọ́ọ̀tì.

Ibẹ̀ ni Báńkà ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn méjì yòókù. Kò gùn, gbólóhùn mẹ́ta ni. Télọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ jù ò rí nǹkan sọ, ó kàn ń wo inú ahá ẹ̀. Nígbà tí owó dé, Báńkà yọ àpòòwé, ó ní ti òun ló kàn lónìí, òun ò tún fẹ́ gbàgbé pọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà gbé ọwọ́ lé e.

"Owó ẹja nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dá a padà sápò."

Tíṣà san ti emu. Télọ̀ san ti àsun, kò sì tọrọ ṣéńjì. Wọ́n sùn l'Ákùúrẹ́ mọ́jú, wọ́n sì gba ọ̀nà Èkó lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Ìbejì ló ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. "Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Ìbejì. Kí l'Ọlọ́run wí?" Kó tó dáhùn, obìnrin náà ti gbóòórùn aṣọ ẹ̀. "Orí òkè wo lẹ lọ, tó ń rùn bí emu?"

Ọkùnrin náà jókòó, ó sì ròyìn gbogbo ẹ̀, ti Iléṣà, ti àtẹ̀gùn, ti mọ́tò Dírẹ́bà. Ó gbé àpòòwé sórí tábìlì. Ìyá Ìbejì kà á, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pé. Ó tún un kà.

"Láísẹ́ǹsì mi ti kú láti ọdún tó kọjá," ọkọ wí.

Ìyàwó ò tíì gbé owó náà kúrò nílẹ̀. "Èló ni wọ́n ń gbà tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe?"