Kámẹ́rà Lè Rì, Gbèsè Kì í Rì

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí, àwọn kámẹ́rà kékeré alágbára tí wọ́n ní omi kì í wọ̀, tí wọ́n ní bó jábọ́ kì í fọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ìrìn àjò ìgbafẹ́ nínú wa ń wá a, àwọn ayàwòrán náà ń wá a, ìbéèrè owó yíyá sì ti ń wọlé nítorí rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a là á yé ara wa kí ẹnikẹ́ni tó fi owó àjọ rà á.

A ò sọ pé kò dára o. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600, tàbí tó ti dúró nídìí omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà tí omi ń ta sí i lójú, á mọ̀ pé kámẹ́rà lásán kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé iye mítà tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ló yẹ ká fi ra kámẹ́rà yìí. Rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rọ́bà náà, ni ká wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ kámẹ́rà lọ́wọ́ Olympus ní 2021 ló gbé OM System TG-7 jáde ní 2023. Wọ́n ní ó lè wọ omi dé mítà 15, ó lè jábọ́ láti mítà 2.1, ẹrù 100 kílò lè tẹ̀ ẹ́, ó sì lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 10 lábẹ́ òdo. Nikon W300 tó jáde ní 2017, mítà 30 ni tiẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ 15 àti 30 lójú ọjà, 30 ni yóò gbé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó fẹ́ rì dé mítà 30? Ẹni tí òjò ń pa lórí òkè, tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí tó ń wẹ̀ létí òkun, kò lò ju mítà 1 tàbí 2 lọ. W300 ọ̀hún sì rèé, Nikon ò ṣe é mọ́. Èyí tí ẹ bá rí lọ́jà lónìí, bóyá tòkunbọ̀ ni, bóyá ó ti pẹ́ nínú páálí. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ sì ti ń gbó láti ọjọ́ yìí wá.

Ti jíjábọ́ náà ńkọ́? Mítà 2.1 ga ju orí ènìyàn lọ lóòótọ́, àmọ́ orí pákó ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe orí àpáta Ìdànrè. Olùṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì fọwọ́ sọ̀yà pé omi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti jábọ́.

Kí ló wá ń dí omi lọ́nà? Dígí ojú irú kámẹ́rà yìí kì í yọ síta bíi ti àwọn yòókù, inú ara rẹ̀ ló ti ń rìn. Ibi pàtàkì tí omi lè gbà wọlé ni ilẹ̀kùn tí a ń ki bátìrì sí, rọ́bà tín-ín-rín sì ló dí ibẹ̀. Irun kan ṣoṣo tàbí ẹyọ yanrìn kan, bó bá ti dùbúlẹ̀ sórí rọ́bà yẹn, ọ̀nà ti là fún omi. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ìwé tí Olympus fi ń tẹ̀ lé àwọn TG rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé kí a máa pààrọ̀ rọ́bà náà lọ́dọọdún, lọ́dọ̀ oníṣẹ́ tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi ẹni tó ń tà á ni pé: “Ta ni yóò pààrọ̀ rọ́bà yìí fún mi, níbo, iye wo?” Bí kò bá rí i dáhùn, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìtọ́jú tó kù kò le. Bí ẹ bá ti òkun dé, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣan án, nítorí bí iyọ̀ bá gbẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn, á di yanrìn. Ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má pààrọ̀ bátìrì létí òkun tàbí nínú eruku ọyẹ́. Bí ẹ bá gbé e kúrò nínú yàrá tó tutù nini bọ́ sínú oòrùn, ẹ jẹ́ kó sinmi nínú àpò díẹ̀, kí ìrì má bo dígí rẹ̀. Ẹ ra okùn tó ń léfòó mọ́ ọn, nítorí bó bá bọ́ sínú ọ̀sà, á rì bí òkúta.

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣé fóònù mi náà kì í ṣe IP68 ni?” Bẹ́ẹ̀ ni. 6 yẹn dúró fún eruku, 8 dúró fún omi tó ju mítà 1 lọ, dé ibi tí olùṣe rẹ̀ bá dárúkọ. Ṣùgbọ́n Apple alára kọ ọ́ pé ààbò yìí kì í wà títí láé, pé ó ń dínkù bí a ti ń lo fóònù, àti pé wáráńtì kò kan ìbàjẹ́ omi. Fóònù tí owó ọjà ń gbà wọlé, tí nọ́ńbà gbogbo oníbàárà wà nínú rẹ̀, ṣé òun ni ká máa mú wọ odò?

A gbọ́dọ̀ sọ òdì kejì náà. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, fóònù tó dára lè ya àwòrán tó bá ti kámẹ́rà yìí dọ́gba, nítorí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kéré. Ayàwòrán tó jẹ́ pé ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló ń yà kò nílò rẹ̀ rárá. Kí ó fi owó rẹ̀ ra ohun tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Èyí ló mú wa dé orí owó yíyá. Bí omi bá wọ kámẹ́rà lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tó yáwó rà á yóò ṣì máa san án lóṣooṣù, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ò sì ní sùn dáadáa. Ní tiwa, kí ìgbìmọ̀ má buwọ́ lu owó kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ láìrí nǹkan mẹ́rin: risíìtì àti wáráńtì tòótọ́, kì í ṣe tòkunbọ̀, orúkọ oníṣẹ́ tí yóò máa pààrọ̀ rọ́bà, owó okùn tó ń léfòó àti bátìrì kejì nínú iye tí a fẹ́ yá, àti àlàyé iṣẹ́ tí kámẹ́rà náà yóò ṣe tí owó yóò fi padà.

Àwọn kan dá a lábàá pé kí márùn-ún tàbí mẹ́fà dawọ́ jọ ra ẹyọ kan. Àbá rere ni, bí ẹnì kan péré bá jẹ́ alábòójútó rẹ̀, tó ń yẹ rọ́bà wò nígbà tó bá jáde àti nígbà tó bá padà. Ohun tí gbogbo ènìyàn ni, tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú, kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ mú èrò tiyín wá sí ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, ká jọ fẹnu kò.